Òjé Tó Ń Làágùn

Kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ pe ọkùnrin náà. Baba Ìbọ̀wọ́ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí, nítorí ìbọ̀wọ́ awọ tó máa ń wọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ nígbàkigbà tó bá wà nínú àtíbàbà páànù tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Aago ló ń tún ṣe jẹun. Òjé ló ń yọ́ ṣeré. Tó bá di ọ̀sán Sátidé, tí aago kankan kò sí lórí tábìlì mọ́, á bọ́ aṣọ ilé sílẹ̀, á wọ aṣọ iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kó wọ yàrá, á de awò ńlá mọ́jú, á gbé ìkòkò irin ka iná, á sì máa da ọta ìbọn tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń yìn lu pátákó lẹ́yìn òkè.

Àwọn aládùúgbò máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní bí ọkùnrin yìí bá fẹ́ se ẹyin, á kọ́kọ́ wọ bàtà ṣọ́jà. Omi kì í dé àtíbàbà náà, ìbáà ṣe ife kan. Oúnjẹ kì í wọ ibẹ̀. Fáànù ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ti èéfín jáde sí gbangba, ó sì fi ọ̀dà funfun ya ìlà kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tẹ́nikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọjá bí iná bá ń jó, títí kan ìyàwó rẹ̀. Tó bá ṣe tán, á fi ọṣẹ àti omi tútù fọ ọwọ́ dé apá kó tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ilé.

Ẹni tí ìṣọ́ra yìí kọ́kọ́ sọ di ọ̀tá rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin yẹn ló ti ń ṣe alága ẹgbẹ́ ayìnbọn láti ọjọ́ tó ti pẹ́, Alága náà sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Òun náà ń yọ́ òjé, àmọ́ orí sítóòfù tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ilé ló ti ń yọ́ ọ, pẹ̀lú fèrèsé títì, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ sì ń rá kiri lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù, tó ń bì, tí kò dá ìyá rẹ̀ mọ̀ mọ́, dókítà ní òjé ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Orí kó ọmọ yọ. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ, kò sì jẹ́ kí bàbá àgbà fojú kàn án mọ́. Nípàdé ẹgbẹ́, Baba Ìbọ̀wọ́ dìde, ó là á mọ́lẹ̀ láìbo ẹnu: ẹni tí kò lè dáàbò bo ọmọ inú ilé ara rẹ̀, kò yẹ lẹ́ni tí èèyàn ń fi ẹ̀mí sí ìkáwọ́ rẹ̀. Wọ́n dìbò. Alága bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi Baba Ìbọ̀wọ́ rọ́pò rẹ̀.

Alága kò pariwo. Ó bọ àna rẹ̀ lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sún mọ́ etí rẹ̀.

"O fi ẹnu rẹ gba ipò lọ́wọ́ mi," ló sọ. "Ẹnu yẹn náà ni màá bá wí."

* * *

Obìnrin tí Alága lọ bá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ilé ìgbókùúsí ló ti ṣiṣẹ́ láyé ọjọ́un, òkú ló ń wẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Awẹ̀kú. Yàrá kan ló ń gbé lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ó ti lẹ ìwé ìròyìn àtijọ́ mọ́ gbogbo fèrèsé, tó fi jẹ́ pé ọ̀sán gangan níta, ìrọ̀lẹ́ ni nínú yàrá náà. Òórùn káńfọ̀ gba ibẹ̀ kan, òórùn mìíràn sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí Alága kò fẹ́ mọ ohun tó jẹ́.

Kò ní kó jókòó. Èékánná ló ń gé, kò sì gbójú sókè títí Alága fi rojọ́ tán. Ó wá bi í bóyá ó fẹ́ kí ọwọ́ ọkùnrin náà máa gbọ̀n ni, àbí ó fẹ́ kí ẹnu rẹ̀ pa dé. Alága ní kó pa dé.

Ó béèrè ohun tó ti kan ara ọkùnrin náà. Alága yọ orí ìka kan tó gé lára ògbólógbòó ìbọ̀wọ́ tí àna rẹ̀ sọ nù. Obìnrin náà gbà á, ó wọ ẹ̀yìn aṣọ tó fi dábùú yàrá. Alága gbọ́ tí wọ́n ń da omi. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ohùn tó ju ẹyọ kan lọ. Bẹ́ẹ̀, ìyá náà nìkan ló ń dá gbé.

Ohun tó gbé jáde kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ. Òjé ni, ó wúwo, ó sì tutù. Ó tún ń làágùn. Alága fi aṣọ nù ún, ojú rẹ̀ tún kún fún omi bí iwájú orí ẹni tí ibà ń ṣe.

"Jù ú sáàárín òjé rẹ̀," ni Ìyá Awẹ̀kú wí. "Òjé á mọ òjé. Tó bá dénú iná, á wá ẹni tó dáná."

* * *

Ọta ni Baba Ìbọ̀wọ́ kọ́kọ́ kíyè sí. Gbogbo èyí tó dà lọ́sẹ̀ náà ló ní ihò nídìí, ihò róbótó tó là bí ẹnu ọmọ tó fẹ́ bú sẹ́kún. Ó rò pé mọ́ọ̀dù tí òun ń da òjé sí ni kò gbóná tó. Ó mú un gbóná dáadáa, ó tún dà á, ihò náà tún là. Ó fi ìda oyin díẹ̀ sínú òjé kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè léfòó, ó fi igi rò ó, ó fi ìgbakọ bu ìdàrọ́ ojú rẹ̀ kúrò títí òjé fi ń dán bíi dígí. Kó tó gbé ìgbakọ sílẹ̀, awọ eérú kan ti tún bo àárín ìkòkò, ó dúró síbẹ̀ gbagidi, kò rìn.

Lẹ́yìn náà ni ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í korò. Tó bá jí láàárọ̀, á máa tọ́ irin wò lórí ahọ́n. Ẹni tó mọ ohun tí òjé lè fi ara èèyàn ṣe kì í fi irú ìyẹn ṣeré, ló bá gba ọsibítù lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ ju tòun lọ. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, àmọ́ kò dùn. Bí kì í bá ṣe òjé, kí ni?

Ológbò ilé náà ti máa ń sùn sórí páànù àtíbàbà nítorí ooru tó ń ti ìsàlẹ̀ wá. Kò gun ibẹ̀ mọ́. Á jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, á tẹjú mọ́ ẹnu ọ̀nà àtíbàbà, irun ẹ̀yìn rẹ̀ á dìde ṣánṣán.

Lọ́sàn-án Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tú àpò àjákù òjé tó rà lọ́wọ́ ẹni tó ń lẹ táyà sílẹ̀, èyí tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò láti ọ̀sẹ̀ tí Alága ti wá kí àbúrò rẹ̀. Àṣà rẹ̀ ni pé kò sí òjé tó ń wọ ìkòkò lójú ẹsẹ̀. Orí páànù gbígbóná ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wà títí gbogbo omi ara wọn á fi gbẹ, torí pé ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tó bá bọ́ sábẹ́ òjé yíyọ́, á ta gbogbo ìkòkò síni lójú. Nígbà tó ń ṣà wọ́n, ọwọ́ rẹ̀ kan èyí tí kò mọ̀. Ó rí róbótó, ó sì tutù. Ó fi àkísà nù ún, ó tún tutù. Ó nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Omi tún ń sun jáde lára rẹ̀ níṣojú rẹ̀.

Ó fi ẹ̀mú gbé e sétí páànù, ó sì sáré padà sẹ́yìn ìlà. Nǹkan náà kọ́kọ́ mí, àfi bí ẹni tó ń fun ikun. Lẹ́yìn náà ló bẹ́. Èérún rẹ̀ lu páànù òrùlé gooro, òórùn káńfọ̀ sì gba gbogbo ibẹ̀. Nígbà tó yá tó sún mọ́ ọn, omi kan wà lórí páànù tó gbóná janjan nítorí iná. Omi náà kò gbẹ. Láàárín rẹ̀ ni orí ìka awọ kan wà, pẹ̀lú rírán okùn pupa tí òun fúnra rẹ̀ fi dí ojú ibi tó ya lára ìbọ̀wọ́ òun lọ́jọ́ kìíní.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí iná fi kú.

* * *

Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló lọ bá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá Onígo ni wọ́n ń pè é, nítorí ìgò oògùn tó kún ara ògiri rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé. Èyí tó wà fún ikọ́ àti èyí tó wà fún oorun làwọn èèyàn ń wá rà. Àwọn tó kù, ẹ̀yìn ìkélé ló ń kó wọn sí.

Ó gbọ́ òórùn awọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé e jìnnà sí imú. Ó bi í ẹni tó ṣẹ̀. Baba Ìbọ̀wọ́ rojọ́ náà látòkè délẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ tó ṣàìsàn, ìpàdé, àti ohun tí Alága sọ sí i létí.

"Àna rẹ ni," ni Ìyá Onígo wí. "O ò lè bú u, o ò lè nà án, ìdọ̀bálẹ̀ lo ó máa fi kí i. Ìyẹn ló ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn."

Ó wọ ẹ̀yìn ìkélé, ó pẹ́ níbẹ̀. Oǹdè awọ kékeré kan ló mú wá, pẹ̀lú ẹ̀tù dúdú nínú ìgò. Ó ní kó fi oǹdè náà kọ́rùn lábẹ́ aṣọ iṣẹ́, kó sì máa lá ẹ̀tù náà kó tó dáná. Baba Ìbọ̀wọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun máa lá a nínú ilé, torí pé nǹkan kan kì í kan ẹnu òun nínú àtíbàbà. Ìyá àgbà náà wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan ṣoṣo tó rín lọ́jọ́ náà.

Ojú rẹ̀ tún le padà. "Wọ́n á tún wá. Ẹni tó ṣe èyí kì í ṣe ọmọdé, ó sì ti ta á lára pé kò ṣiṣẹ́. Orúkọ ni wọ́n máa mú wá báyìí. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pè ọ́ ní títì o. Èyí tí ìyá rẹ fi ń pè ọ́ nígbà tó bá ń wẹ̀ ọ́. Bí iná bá ń jó, tí o bá gbọ́ orúkọ náà, má jẹ́. Ìbáà ṣe ohùn ta ni."

Baba Ìbọ̀wọ́ ní kò sẹ́ni tó mọ orúkọ yẹn láyé mọ́. Ìyá òun ti kú, kò sì sọ ọ́ fún ẹlòmíì.

"Èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n," ni Ìyá Onígo dáhùn. Ó ń wo ojú rẹ̀ tìtì. "Rò ó dáadáa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi."

* * *

Nígbà tí Alága padà gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, aṣọ funfun ni Ìyá Awẹ̀kú fi di ọwọ́ òsì, ẹ̀jẹ̀ sì ti hàn lójú rẹ̀. Kò gé èékánná mọ́. Ó ní ẹnìkan ti ń dá òun lóhùn láti òdìkejì, ó sì ti pẹ́ tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sóun. Inú ń bí i, àmọ́ ó dà bíi pé inú rẹ̀ tún ń dùn díẹ̀, bí ẹni tó rí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó máa bá ta ayò.

Ó gbé òjé mìíràn lé Alága lọ́wọ́. Èyí kò làágùn mọ́, ṣe ló ń ro tótó. Ó ní kó má tún fi í pa mọ́ sáàárín nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ ni kó fi jù ú sínú òjé yíyọ́, lẹ́yìn tó bá ti pe orúkọ ìkọ̀kọ̀ ọkùnrin náà, èyí tí ìyá rẹ̀ nìkan mọ̀. Tó bá ti lè jẹ́, ẹnu tó fi jẹ́ náà ni nǹkan ọ̀hún máa gbà wọlé.

Alága ní ọ̀rọ̀ orúkọ kò le. Òun mọ ibi tóun á ti rí i.

"Tí kò bá jẹ́ ńkọ́?" ni Ìyá Awẹ̀kú béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló yẹ kó mọ ìdáhùn. "Ohun tí mo gbé lé ọ lọ́wọ́ yìí kì í padà sílé lófo."

Alága ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní ta ni ìyá rẹ̀ á pè tí kò ní jẹ́?

* * *

Atẹ́gùn kankan kò fẹ́ lọ́sàn-án Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ìyàwó Baba Ìbọ̀wọ́ ti jáde láti àárọ̀, kò sì sọ ibi tó ń lọ. Ọkọ rẹ̀ ti lá ẹ̀tù, ó ti fi oǹdè kọ́rùn, òjé ti yọ́ ó sì ń dán, nígbà tí òjìji kan bọ́ sẹ́nu ọ̀nà àtíbàbà. Alága ni, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ọrùn rẹ̀ là sílẹ̀, ó di ọwọ́ ọ̀tún.

Baba Ìbọ̀wọ́ tẹ̀ ba díẹ̀ bó ṣe yẹ kí èèyàn ṣe fún àna. "Ẹ káàsán, Alága. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọjá ìlà yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ wò ó, awò ojú wà lára ìṣó níbẹ̀ yẹn."

"Ilé àbúrò mi nìyí," ni Alága wí. "Ìlà wo lo ń yà fún mi nínú ilé àbúrò mi?"

Omi ń ro láti inú ìkúùkù rẹ̀ tótó, ó ń kán sára bàtà rẹ̀. Baba Ìbọ̀wọ́ rí i. Ó na ọwọ́ láti pa iná, àmọ́ ọwọ́ náà kò dé ibẹ̀, nítorí pé Alága pè é.

Kì í ṣe Baba Ìbọ̀wọ́ ló pè. Ohùn rẹ̀ kọ́ sì ni. Ohùn obìnrin ni, ohùn tó tutù, tó rẹlẹ̀, ohùn ẹni tí ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fẹ́ kí ọmọ gbórí sókè kí ìfófòó má bàa wọ ọ́ lójú. Kò tíì gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú àtíbàbà yìí rí. Ọ̀fun rẹ̀ là fúnra rẹ̀. Ìdáhùn ti dé ẹ̀yìn eyín.

Oǹdè ta á láyà bí agbọ́n. Ó pa eyín dé mọ́ ahọ́n, ẹ̀jẹ̀ sì kún ẹnu rẹ̀.

Ohùn náà tún pè é. Ó ń bẹ̀ ẹ́ báyìí, bí ẹni pé ilẹ̀ ti ń ṣú, tó ń wá ọmọ rẹ̀ kiri. Omijé bo ojú rẹ̀ lẹ́yìn awò, ó ń wo ìkòkò. Àárín òjé náà ń wọnú lọ, ó ń là, ó di ihò róbótó. Kò jẹ́. Ó di irin tábìlì mú, kò jẹ́.

Ojú Alága yí padà. Ó kọjá ìlà, ó la ọwọ́, ó ju nǹkan náà sínú ìkòkò, ó sì ya ẹnu láti pè é lẹ́ẹ̀kẹta.

Ìró rẹ̀ kò pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Òjé dìde láti inú ìkòkò bí igi fàdákà, ó ga tó ọmọnìyàn, ó sì tẹ̀. Èyí ni Baba Ìbọ̀wọ́ kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi pẹ́: ó tẹ̀, ó fo òun kọjá, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ta sára aṣọ iṣẹ́ àti awò rẹ̀, ìyókù sì lọ síbi tí ẹnu kan wà ní yíyà.

Alága kò lè kígbe. Ó ṣubú lulẹ̀.

Èrò kan dúró ti Baba Ìbọ̀wọ́ nígbà náà, ó ní kó fi í sílẹ̀. Ó fetí sí èrò náà, ká má parọ́, ó dúró, ó fetí sí i dáadáa. Lẹ́yìn náà ló pa iná, ó wọ́ àna rẹ̀ jáde síbi ẹ̀rọ omi, ó da omi sí i lójú àti lẹ́nu láìdáwọ́ dúró, ó sì ń ké pe aládùúgbò pẹ̀lú ahọ́n tó ti gé jẹ.

* * *

Alága kò kú. Dókítà ní omi ló bọ́ sínú òjé, ooru rẹ̀ ló ta á sókè, ó ń ṣẹlẹ̀ síbi tí wọn ò bá ṣọ́ra. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kò ní jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láéláé. Nígbà tí Baba Ìbọ̀wọ́ wọlé lọ kí i, ọkùnrin náà fi ojú tó kù lára báńdéèjì wò ó. Kò sí ọpẹ́ nínú ojú náà, kò sì sí ẹ̀bẹ̀. Ìkórìíra ló wà níbẹ̀, ó pé pérépéré, kò dín. Ó yí ojú sí ògiri.

Àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sọ pé ọjọ́ Sátidé yẹn kan náà làwọn bá Ìyá Awẹ̀kú lórí àga rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Wọ́n ti gbé e lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, kẹ́lòmíì wẹ òun náà.

Baba Ìbọ̀wọ́ dúró títí ìyàwó rẹ̀ fi ti ọsibítù dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tó jókòó sí ìdáná láìtan iná. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ tí Ìyá Onígo ti ní kóun rò ó dáadáa, kò kàn fẹ́ rò ó débẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyá òun, ẹnìkan ṣoṣo lòun sọ orúkọ náà fún, lọ́dún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, nígbà tí ìfẹ́ ṣì ń pa wọ́n bí ọtí.

"Ìwọ lo sọ ọ́ fún un?"

Obìnrin náà kò sẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn fẹ́ fi gbàdúrà fún yín ni," ló sọ. "Mi ò gba wọ́n gbọ́. Inú yín ń bí mi nígbà náà. Ọmọ ilé wa lẹ tú síta lójú ìpàdé, láìsọ fún mi tẹ́lẹ̀. Mi ò bi wọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gan-an. Mo mọ̀ pé tí mo bá bi wọ́n, màá gbọ́ ọ."

Kò lù ú. Kò ní kó kó ẹrù rẹ̀. Ó tan iná ìdáná fún un, ó sì kúrò níbẹ̀.

Inú ilé kan náà ni wọ́n ṣì ń gbé. Ó ṣì ń tún aago ṣe, ó ṣì ń da ọta lọ́jọ́ Sátidé, ọta náà sì ń jáde láìníhò. Tí oúnjẹ bá délẹ̀, ìyàwó rẹ̀ á pè é láti yàrá kejì, ní Baba Ìbọ̀wọ́ bíi ti gbogbo ayé, torí pé kò jẹ́ dán orúkọ ìkọ̀kọ̀ yẹn wò mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí iṣẹ́. Kò ní dáhùn. Obìnrin náà ti mọ̀, kì í pè é lẹ́ẹ̀mejì. Á gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀, á rìn wá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, á dúró síwájú rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ọkọ rẹ̀ á wo ojú rẹ̀, á wo ẹnu rẹ̀ dáadáa.

Ìgbà náà ló máa tó jẹ́.